Ẹ̀kọ́ Kẹrìndínlógún: Aṣọ Kan Náà, Ìwọ̀n Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ yìí sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ọ́tísíìmù: bí ọpọlọ ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, láti kékeré.
Ìrànwọ́ ẹ̀kọ́: ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́.
Ìwé ẹ̀rí dókítà: ìwé tí dókítà kọ, tí ó sì buwọ́ lù.
Olórí ẹ̀ka: ọ̀gá àwọn olùkọ́ inú ẹ̀ka kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní HOD.
Ẹ̀dà: ìwé kejì tí ó bá ti àkọ́kọ́ mu, bí i fọ́tòkọ́pì.

1. AṢỌ ẸBÍ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a mọ̀.

Bí ìnáwó bá ń bọ̀, àwọn ẹbí a wá sí Gbági láti ra aṣọ ẹbí. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ télọ̀, télọ̀ kì í gé gbogbo rẹ̀ bákan náà. Yóò mú téèpù, yóò wọn olúkúlùkù. Ẹni tó sanra lè gba yáàdì mẹ́fà. Ẹni tó tín-ín-rín lè gba mẹ́rin. Ní ọjọ́ ìnáwó, ṣé ẹnikẹ́ni á sọ pé ẹni tó gba yáàdì mẹ́fà rẹ́ àwọn yòókù jẹ? Rárá o. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Ó kàn bá olúkúlùkù mu ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa òní.

2. ỌMỌ ÌYÁ ALÁṢỌ

Ìtàn tí a fẹ́ kà yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. A kó o jọ láti ara ohun tí ojú ọ̀pọ̀ òbí ń rí.

Ìyá kan ń ta aṣọ ní Gbági. Bẹẹrẹ ni ilé rẹ̀ wà, kò jìnnà sí Mápó. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́ta kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kì í wo ojú oníbàárà. Bí mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá ń kọjá, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí, yóò sá sẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ. Àwọn àgbà ń bínú pé kò mọ ènìyàn kí. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́."

Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ta yáàdì méje àti ààbọ̀, kí ó tó ka owó tán, ọmọ ti sọ iye ṣẹ́ńjì. Kò ṣì í rí. Ó yege ìdánwò WAEC. Ó yege ti JAMB. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan láti kọ́ ìṣirò owó. Ìyá rẹ̀ jó, ó sì ṣe sàárà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ rí olùkọ́ kan. Olùkọ́ náà ń jáde lọ. Ó ní, "Dúró, mò ń bọ̀." Àwa Yorùbá mọ ohun tí "mò ń bọ̀" jẹ́. Ẹni tó sọ ọ́ lè dé ní iṣẹ́jú márùn-ún. Ó sì lè di ọ̀la. Ọmọ Ìyá Aláṣọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá sọ ni ó ń gbọ́, kì í gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ó dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹun. Wọ́n lọ sí kíláàsì méjì. Wọ́n lọ sílé. Ó ṣì dúró. Ọlọ́dẹ ló bá a lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n yí yàrá ìdánwò padà ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ sínú gbọ̀ngàn kan. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Iná orí àjà ń ṣẹ́jú. Ọmọ náà di etí, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó dìde, ó jáde, kò padà wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe nínú ìdánwò mẹ́ta. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n kọ̀wé sí i pé bí kò bá ṣe dáadáa ní sáà tí ń bọ̀, kí ó máa lọ sílé.

Ìyá Aláṣọ fi ìwé náà sábẹ́ ìdì aṣọ. Ojú ń tì í. Ẹnì kan ní kí ó lọ gbààwẹ̀ lórí òkè. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ẹnì kan ní, "Yọ ọmọ kúrò níbẹ̀, kó máa wá bá ọ ká aṣọ."

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ìwé náà wá sí kíláàsì àwọn àgbà. Olùkọ́ kà á fún un. Ó wá bi í pé: "Màmá, ta ni ẹ sọ fún ní ilé-ìwé náà pé báyìí ni ọmọ yín ṣe rí?"

"Kò sí o, tíṣà. Ṣé kí n máa pariwo ìtìjú mi ni?"

"Màmá, bí ènìyàn ò bá jẹ́ kí télọ̀ wọn òun, tí aṣọ wá fún un, ta ni ká bá wí?"

Ìyá Aláṣọ kò lè fèsì.

3. KÍ NI Ọ́TÍSÍÌMÙ?

Ọ́tísíìmù kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fà á. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ni ó yàtọ̀, ohun tí ọmọ jogún láti inú ẹ̀jẹ̀ sì ní ipa púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí oògùn tí ń mú un kúrò. Ẹni tí ó ní in yóò bá a dàgbà.

Ní 1943, dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n rí báyìí. Ní 1944, Hans Asperger kọ irú rẹ̀ ní ìlú Vienna. Kì í ṣe àwọn ni ó mú un wá sáyé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́, ní ilẹ̀ gbogbo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, bí ẹ bá ka ènìyàn 127, ẹnì kan nínú wọn ní ọ́tísíìmù. Ẹ wá ro iye ènìyàn tí ń kọjá ní Dùgbẹ̀ ní wákàtí kan.

Wọn kì í rí bákan náà. Àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ rárá, a sì ní láti máa tọ́jú wọn lójoojúmọ́. Àwọn kan mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n ariwo, iná tó mọ́lẹ̀ jù, èrò, àti àyípadà òjijì a máa dà wọ́n láàmú. Ó lè ṣòro fún wọn láti wo ojú ènìyàn, tàbí láti mọ̀ pé àwàdà ni ẹnì kan ń ṣe. Èyí kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ohun tí etí tiwa lè fojú fò, etí tiwọn kò lè fojú fò ó.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níhìn-ín. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ń di etí nígbàkigbà tí a bá lu aago. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Mo pè é ní alágídí. Mo nà án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Kò dé ìwé kẹrin tí kò fi wá mọ́. N kò mọ ohun tí ń ṣe é nígbà náà, n kò sì béèrè. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ̀yin má bàa ṣe bí mo ti ṣe.

Ẹ gbọ́ ti obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Temple Grandin. Ní 1947 ni wọ́n bí i. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ́tísíìmù. Ìyá rẹ̀ kò fi í pamọ́, olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilé-ìwé gíga sì rí ẹ̀bùn rẹ̀, ó ràn án lọ́wọ́. Ó kàwé títí ó fi gba oyè dókítà ní 1989. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado. Òun ni ó ya àwòrán ọgbà àti ọ̀nà tí a lè gbà da màlúù láìdẹ́rù bà wọ́n, nítorí ó ń fiyè sí ohun kékeré tí ń ba màlúù lẹ́rù, tí àwọn yòókù kò rí. Ẹ wò ó: ohun tí àwọn kan pè ní àléébù ni ó fi wúlò fún ayé.

4. OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin kan wà ní Nàìjíríà tí ó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ní ìpèníjà sọ́tọ̀. Òfin ọdún 2018 ni. Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin yìí kì í ṣe ti afọ́jú àti arọ nìkan. Ó kan ìpèníjà ti ọpọlọ pẹ̀lú. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ bí àwọn yòókù. Ẹni tó bá yà á sọ́tọ̀ lè san ₦100,000, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí ilé-iṣẹ́ bá ni, ó lè san ₦1,000,000. Títí dé ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni òfin náà ní kí ẹ̀kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má ṣe rò pé yunifásítì náà di ọ̀fẹ́.

Ìdánwò àtiwọlé náà kò gbàgbé wọn. Láti 2017, JAMB ní ẹgbẹ́ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti ṣètò ìdánwò lọ́nà tí yóò rọrùn fún àwọn afọ́jú àti àwọn mìíràn tó ní ìpèníjà.

Bí ọmọ yín bá ń kàwé ní ìlú òkè, òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ti 2010 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1973 àti 1990 ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n òfin kì í kan ilẹ̀kùn fún ènìyàn. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ni yóò dìde lọ kàn án.

5. ÌGBÉSẸ̀ MẸ́FÀ

Èkíní: Ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹ má máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ bi í pé: kí ni ó le jù fún ọ? Kí ni ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́? Ṣé o fẹ́ kí a sọ fún wọn?

Èkejì: Ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sílẹ̀. Dókítà yóò béèrè bí ọmọ ti rí nígbà kékeré. Ìgbà wo ló sọ̀rọ̀? Báwo ló ṣe ń ṣeré? Kí ni ń bà á lẹ́rù? Kò sí ẹni tó mọ èyí ju ìyá àti bàbá lọ. Ìwé méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí sì ni tiyín. Bí ẹ bá ṣi àmì ọ̀rọ̀ kọ, kò burú. Ẹ ṣáà kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta: Ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn UCH, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, ní àwọn dókítà tí ń rí sí ìlera ọpọlọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà. Ní ìlú Ọ̀yọ́, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní 1977 fún irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ bẹ dókítà pé kí ó má kọ orúkọ ọ́tísíìmù nìkan. Kí ó kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin: Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka. Èyí ni ìwé kejì. Kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ọ̀kan sí ilé ìwòsàn inú ọgbà.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ tètè ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni àkókò rẹ̀, kì í ṣe àárọ̀ ìdánwò. Kí ẹni tó gba lẹ́tà buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kí ó sì kọ déètì sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà yìí bí ẹ ti ń tọ́jú rìsíìtì ọjà.

Ẹ̀kẹfà: Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò fèsì, ẹ padà lọ. Ẹ lọ pẹ̀lú ẹ̀dà yín lọ́wọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ láìgbọ́ èsì.

Kí ni a lè béèrè? Yàrá kékeré tí kò ní ariwo fún ìdánwò. Àkókò díẹ̀ sí i. Kí a fi ìwé sọ iṣẹ́ tí a bá fún un, kì í ṣe ẹnu nìkan. Kí a tètè sọ bí yàrá tàbí àkókò bá yí padà. Àyè láti jáde fún iṣẹ́jú díẹ̀. Olùkọ́ kan tí yóò máa lọ bá bí nǹkan bá rú u lójú.

Kí ni a kò gbọ́dọ̀ béèrè? Máàkì. Ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún máàkì, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó. Ìbéèrè kan náà ni ọmọ yín yóò dáhùn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Yáàdì ni à ń béèrè, a kò ní kí wọ́n bá wa wọ aṣọ.

6. LẸ́TÀ

Bí lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí nìyí. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ ọ́. A kọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ̀yin òbí lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Sí Olórí Ẹ̀ka,

Ọ̀gá mi,

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mo jẹ́ ní ẹ̀ka yín. Mo ní ọ́tísíìmù. Ìwé ẹ̀rí dókítà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ariwo àti àyípadà òjijì ń dí mi lọ́wọ́. Ní ìdánwò tó kọjá, n kò lè jókòó nínú gbọ̀ngàn nítorí ariwo. Kì í ṣe pé n kò bọ̀wọ̀ fún ìdánwò.

Mo ń bẹ̀ yín fún ohun mẹ́ta. Èkíní, kí n ṣe ìdánwò ní yàrá kékeré. Èkejì, kí ẹ fún mi ní àkókò tí dókítà kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ fi ìwé sọ fún mi bí àkókò tàbí yàrá bá yí padà.

Mo fẹ́ wá rí yín ní ọjọ́ tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún mi.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ yín,
(orúkọ, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, ìbuwọ́lùwé, déètì)

7. ÌPARÍ ÌTÀN

Ìyá Aláṣọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọjà kò yá. Ó fi bírò kọ ojú ewé mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ka ìwé náà fún un fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ìyá kà á dé ibi kan, ọmọ sọ pé, "Kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, Màámi. Ọjọ́bọ̀ ni." Ìyá mú bírò, ó sì tún un ṣe.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò rí èsì. Wọ́n padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, olórí ẹ̀ka pè wọ́n wọlé. Ní ìdánwò tó tẹ̀lé e, ọmọ náà jókòó ní ọ́fíìsì kékeré kan pẹ̀lú olùṣọ́ ìdánwò kan. Kò sí ẹni tó sọ ìdáhùn fún un. Ó yege ìdánwò márùn-ún nínú mẹ́fà. Yóò tún ẹ̀kẹfà ṣe. Wọn kò lé e mọ́.

Olùkọ́ ọjọ́sí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ sọ pé, "Mò ń bọ̀." Ó rántí. Ó ní, "Aago méjì ọ̀la ni kó o wá."

Ní aago méjì ọ̀la, ọmọ Ìyá Aláṣọ ti dé ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó fà á tí ọmọ náà fi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú?
2. Sọ ohun mẹ́ta tí ọ́tísíìmù kì í ṣe.
3. Ìwé méjì wo ni ẹ̀kọ́ yìí sọ? Ta ni ó yẹ kí ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìrànwọ́ àti máàkì ọ̀fẹ́? Fi aṣọ ẹbí ṣàlàyé.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ronú sí ọmọ kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní alágídí tàbí aláìlẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò rẹ. Má ṣe kọ orúkọ rẹ̀. Kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tí o ti rí tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mú un wá sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.